Pánẹ́ẹ̀lì Tó Kọjú sí Kíbílà

Níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ Bàbá, àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí n bọ́ síwájú kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa wọn, torí èmi ni ọmọ-ọmọ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tọ́ dàgbà. Mo ní ohùn mi ti há. Ohùn mi há lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ẹkún ló há a. Ó ti rẹ̀ mí ni. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú ni mo ti ń gbọ́ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, pé wọn kì í bínú, pé wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ta ni àwọn èèyàn yìí ń sọ ná? Bàbá tí èmi mọ̀ bá odindi àdúgbò jà lórí ibi tó yẹ kí ilẹ̀kùn ilé adìyẹ kọjú sí.

Tèmi ni mo fẹ́ sọ síbí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní gba máìkì lọ́wọ́ mi. Mi ò ní sọ ọdún tí wọ́n bí wọn, mi ò sì ní ka orúkọ ọmọ. Bàbá bú mi lójú èèyàn nígbà kan, wọ́n sì wá ọ̀nà tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ló yẹ kí n fi dá wọn lóhùn. Mi ò sọ ọ́ títí wọ́n fi kú. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn, ọjọ́ mélòó kan rèé tí mi ò sùn dáadáa.

Bàbá tó bí ìyá mi ni wọ́n. Àbíjáàn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ riwáyà, iṣẹ́ àwọn tó ń tún iná inú ọkọ̀ ṣe, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti lo ìgbà èwe wọn tán. Nígbà tí ojú wọn ò ríran lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́, wọ́n padà wá sí Ẹ̀jìgbò, wọ́n pa ìsọ̀ kékeré kan síwájú ilé, wọ́n ń tún bátìrì ṣe. Ìyá mi dúró sí Àbíjáàn, wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí Bàbá nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa eyín. Kùráǹ ni Bàbá ń pe iná mànàmáná, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Bí ara bá tù wọ́n, wọ́n á pè mí ní Àṣàkẹ́, oríkì mi. Bí inú bá ń bí wọn, mo di Rùkáyà.

Bàbá ò gba ohun tí wọn ò fọwọ́ ara wọn dán wò gbọ́. Oníbàárà á gbé bátìrì dé, á ní ó ti kú, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bó ṣe kú. Wọn ò ní wojú rẹ̀. Wọ́n á fi wáyà méjì kan orí bátìrì náà, wọ́n á wò bóyá ó máa ta iná. Nígbà míì bátìrì ò kú rárá, onítọ̀hún ló fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ ra tuntun. Bàbá á rọra gbé e padà fún un, wọ́n á ní, "Ẹnu lè parọ́. Kùráǹ ò mọ irọ́ pa."

Ohun gbogbo nílé wa ló sì kọjú sí Kíbílà, apá ìlà-oòrùn tí àwa Mùsùlùmí ń kọjú sí bí a bá ń kírun. Bẹ́ẹ̀dì Bàbá kọjú síbẹ̀. Àga wọn, tábìlì iṣẹ́ wọn, ilé adìyẹ tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀. Ṣáláńgá nìkan ni kò gbọ́dọ̀ kọjú síbẹ̀, èyí náà sì dìjà. Bíríkìlà kan ti gbé búlọ́ọ̀kù mẹ́ta léra kí Bàbá tó rí i pé ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ máa dojú kọ Kíbílà. Wọ́n ní kó wó o. Bíríkìlà ní kò ṣeé wó. Bàbá bọ́ bàtà, wọ́n fi ẹsẹ̀ ti búlọ́ọ̀kù ṣubú, wọ́n tún bàtà wọn wọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n bá a po sìmẹ́ǹtì tuntun títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo kéré nígbà náà. Mo bi wọ́n pé, ilé adìyẹ ńkọ́, ṣé adìyẹ náà ń kírun ni? Wọ́n ní, "Wọ́n ń jí fún Àsùbá. Ìwọ ńkọ́?"

Òṣogbo ni mo ti kọ́ṣẹ́ sólà, ọdún méjì ni mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Nígbà tí mo dé, mo gbé pánẹ́ẹ̀lì kékeré kan bọ̀, kò tóbi ju wàláà ilé kéú lọ. Bàbá gbé e lé itan, wọ́n wò ó níwájú, wọ́n wò ó lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ooru oòrùn ló ń sọ di kùráǹ, àbí?"

Mo ní rárá, ìmọ́lẹ̀ ni. Mo ní iyanrìn ni wọ́n yọ́, tí wọ́n fọ gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù, tó wá dì, tí wọ́n sì rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ bí a ṣe ń rẹ́ iṣu èlùbọ́. Ipele méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan ní àníṣẹ́kù àwọn nǹkan tíntìntín kan tí ojú ò lè rí, ọ̀kan ń wá èyí tó máa fi kún tirẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, á ta àwọn nǹkan tíntìntín náà jí nínú rẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n sì lè gbà jáde. Rírọ́ tí wọ́n ń rọ́ jáde yẹn ni kùráǹ. Bí ooru bá pọ̀ jù gan-an, ṣe ló máa ń rẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ mú tó bẹ́ẹ̀ tí ètè fi ń là. Mo ń ro ẹ̀kọ nínú ilé ìdáná nígbà tí Bàbá wọlé pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì mi, wọ́n ti so gílóòbù kékeré kan mọ́ ọn. Wọ́n nà án sórí ẹyin iná. Mo ní, "Bàbá, ẹ máa yọ́ ọ o." Rọ́bà etí rẹ̀ ti ń rùn, gílóòbù ò tàn. Wọ́n gbé e jáde sínú òtútù, níbi tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ara wọn ń gbọ̀n. Gílóòbù tàn. Wọ́n tún wọlé, wọ́n tún jáde, ẹ̀ẹ̀mẹta. Níkẹyìn wọ́n dá pánẹ́ẹ̀lì padà fún mi, wọ́n ní kì í ṣe ooru lóòótọ́. Mo ti fẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Mi ò sọ pé o gbọ́n o. Mo ní kì í ṣe ooru."

Bóyá ẹ ti rí irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ báyìí. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó dùn mí.

Àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní Àbíjáàn dáwó jọ, wọ́n gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ sí mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, wọ́n sì fi ẹ̀rọ àti pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ránṣẹ́ tí yóò máa fa omi rẹ̀ sínú táǹkì kékeré kan. Kò sí bátìrì láàárín. Oòrùn ràn, omi wá. Oòrùn lọ, omi lọ. Lèmọ́mù wa gbé iṣẹ́ náà lé Bàbá lọ́wọ́, torí àgbà ni wọ́n, wọ́n sì mọ kùráǹ. Bàbá wá gbé àkàbà lé èmi lọ́wọ́.

Mo to pánẹ́ẹ̀lì náà sórí òrùlé bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Wọ́n sùn sílẹ̀, ojú wọn yí sí gúúsù díẹ̀, kí oòrùn lè máa bà wọ́n látàárọ̀ dalẹ́, kí òjò sì rí ibi gbà fọ eruku wọn. Bàbá pariwo nísàlẹ̀.

"Rùkáyà, kí lò ń ṣe yẹn? Yí wọn sí Kíbílà. Gbé wọn dìde, kí wọ́n dúró bí ẹni tó fẹ́ kírun."

Mo ní, "Bàbá, bí wọ́n bá dúró báyẹn, oòrùn àárọ̀ nìkan ni wọ́n máa rí. Tó bá ti kọjá àtàrí, ẹ̀yìn wọn ló máa ràn sí."

"Ṣé kì í ṣe ìlà-oòrùn loòrùn ti ń yọ ni?"

"Ibẹ̀ ló ti ń yọ, Bàbá. Kì í ṣe ibẹ̀ ló ń gbé."

Àwọn ọkùnrin tó wà nínú ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo rí i bí ojú Bàbá ṣe yí padà. Wọ́n kọjú sí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ ọ́ ketekete kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: "Ẹ má dá a lóhùn. Ọmọ yìí ò mọṣẹ́. Orúkọ iṣẹ́ ló lọ fi ọdún méjì kọ́."

Mo gbé pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dìde, mo yí wọn sí Kíbílà, mo sọ̀kalẹ̀.

Ìyá kan wà ní Ìfẹ̀-Ọ̀dàn tó ń ṣe gaàrí, tó ti ní kí n wá gbé sólà sí ibùdó òun. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí èmi nìkan ì bá dá ṣe nìyẹn, mo ti wọn orí páànù rẹ̀, mo ti fi ẹ̀fun sàmì sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi pè mí. Ó ní, "Ọmọ mi, má bínú. Wọ́n ní bàbá rẹ fúnra wọn ló sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí pé o ò mọṣẹ́. Bí ẹni tó tọ́ ọ bá sọ bẹ́ẹ̀, ta ni kí n tún lọ bi?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo kó aṣọ mi, mo padà sí Òṣogbo. Tí mo bá pe Bàbá lórí fóònù, mo ń kí wọn, mo ń béèrè àlàáfíà wọn, mo ń gé e. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ìbínú sí ẹni tí èèyàn fẹ́ràn máa ń rẹni ju iṣẹ́ oko lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, Lèmọ́mù ló sọ ọ́ fún mi. Láàárọ̀ omi ń ya bí odò. Tó bá fi máa di ìrun Àìlà lọ́sàn-án, ó ti ń kán tó tó. Ní Làásárì, ìrun ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbàlagbà ń gbé búútà wọn lọ sí kànga ilé wa, wọ́n ń kọjá níwájú Bàbá lórí àga wọn, wọ́n ń kí wọn. Bàbá kọ́kọ́ ní eruku ni, wọ́n gun àkàbà lọ fi àkísà nù ún. Wọ́n ní kànga ni kò jìn tó. Wọ́n tún ní àwọn tó ta ẹ̀rọ ní Àbíjáàn ló rẹ́ wọn jẹ. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dárúkọ mi.

Ọjọ́ kan, lẹ́yìn Àsùbá, Bàbá gbé àga wọn wá sí ọgbà mọ́ṣáláṣí. Wọ́n gbé pánẹ́ẹ̀lì kékeré tí mo fi sílẹ̀ dání, wọ́n so ó mọ́ mítà tí wọ́n fi ń yẹ bátìrì wò, wọ́n mú ẹ̀fun dání. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé e dìde sí Kíbílà, wọ́n á kọ ohun tí mítà sọ sára ògiri. Wọ́n á tún tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí èmi ṣe tẹ́ tèmi, wọ́n á kọ ìyẹn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀, èyí tó dúró ló borí. Bàbá ń mi orí. Nígbà tó di ọ̀sán, èyí tó sùn ti kọjá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kírun Làásárì tán, èyí tó dúró ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ nǹkan kan mọ́. Lèmọ́mù ní kí Bàbá wá jẹun, pé wọn ò tíì fẹnu kan nǹkan látàárọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n jẹ ìyà mi tán ná."

Wọ́n pè mí lọ́jọ́ kejì. "Àṣàkẹ́, wá sílé ní Jímọ̀." Wọ́n gé fóònù.

Ní Jímọ̀ yẹn, mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú àwọn obìnrin nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn níwájú. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn jókòó, kí wọ́n má tíì lọ.

"Mo sọ ọ̀rọ̀ kan nínú ọgbà yìí, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Mo ní ọmọ-ọmọ mi ò mọṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo Làásárì tí ẹ ò fi rómi ṣe àlùwàlá, ọrùn mi ló wà."

Ẹnì kan ní, "Bàbá, ó tó, ẹ jókòó."

Wọ́n ní kò tó. Wọ́n ní, "Mo sọ pé kí pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí Kíbílà. Èèyàn ni Ọlọ́run pè sí ìrun. Kò pe dígí."

Mo gun òrùlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti tẹ́ pánẹ́ẹ̀lì padà bí mo ṣe tò wọ́n tẹ́lẹ̀, Bàbá wọ agbádá Jímọ̀ wọn, wọ́n di àkàbà mú, wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ní Làásárì, omi wà. Gbogbo èèyàn ń wò mí pé kí n sọ nǹkan. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ó parí síbẹ̀. Inú ṣì ń bí mi. Nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti tún un ṣe, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde nínú ọgbà tipẹ́.

Ṣé Bàbá ò wá mọ̀ ni? Lọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n bi mí bóyá ọ̀rọ̀ àwọn dé Ìfẹ̀-Ọ̀dàn. Mo ní ó dé ibẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ pe ọlọ́kadà. Mo ní kí wọ́n bá ìyá náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, orókún wọn ò gba ọ̀kadà mọ́, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ń wọ bàtà wọn lọ ní tiwọn. Wọ́n ní, "Ibi tí ọ̀rọ̀ mi bá dé, ẹsẹ̀ mi gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀."

Àwa mẹ́ta la wà lórí ọ̀kadà, Bàbá láàárín, èmi lẹ́yìn, mo di ìbàdí wọn mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta la dúró lọ́nà kí wọ́n lè na ẹsẹ̀. Eruku ti sọ irùngbọ̀n wọn di pupa nígbà tí a débẹ̀. Ìyá náà ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ àtíbàbà. Bàbá ṣí fìlà fún un, obìnrin tó lè jẹ́ ọmọ wọn. Ó sáré kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má ṣe èyí, ẹ dákun."

Wọ́n ní, "Wọ́n ní mo sọ pé ọmọ yìí ò mọṣẹ́. Òótọ́ ni, mo sọ ọ́. Irọ́ ni mo sì pa. Mo wá kó o."

Ìyá náà wo ilẹ̀. Ó ní òun ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. A gbójú sókè, pánẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn ti wà lórí òrùlé náà, lórí ibi tí mo fi ẹ̀fun sàmì sí. Bàbá wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Gúúsù ló kọjú sí." Wọ́n dé fìlà wọn. Ẹyin lohùn, a kì í kó o, Bàbá mọ òwe yẹn kí wọ́n tó kúrò nílé.

A dúró lábẹ́ igi kajú kan nígbà tí a ń bọ̀. Bàbá ń fi ọwọ́ tẹ orókún wọn, wọn ò wò mí. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ṣé ó ti tán nínú rẹ?"

Ó ti tán. Ó tán nígbà tí wọ́n ṣí fìlà. Mi ò mọ ohun tó di ahọ́n mi mú. Bóyá ó wù mí kí ó pẹ́ díẹ̀ sí i lára wọn, kí wọ́n mọ bó ṣe rí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Bàbá, oòrùn ti ń rẹlẹ̀." Wọn ò béèrè mọ́.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wá béèrè sólà ní ìsọ̀ wọn, wọ́n á nawọ́ sí mi, wọ́n á ní, "Ẹ lọ bá ọ̀gá mi." Mo ṣiṣẹ́ ní Másífà, mo ṣiṣẹ́ ní Ìsúndúnrìn, ẹnu Bàbá ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ojoojúmọ́ ni mo ń ro ó pé màá dá wọn lóhùn. Mo ń gbé oúnjẹ fún wọn, mo ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ wọn, mo ń sọ pé ó di ọ̀la. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi ń sọ ọ́.

Lórí àga wọn ni wọ́n kú sí, lẹ́yìn ìrun Àìlà, ojú wọn kọjú síbi tó máa ń kọjú sí. A kì í fi òkú Mùsùlùmí pamọ́ dọjọ́ kejì. Làásárì ti kọjá nígbà tí àwọn ọkùnrin fẹ́ wẹ̀ wọ́n, ọ̀kan gbé garawa méjì wá bá mi lẹ́bàá táǹkì mọ́ṣáláṣí. Àlejò ni, ó ti Àbíjáàn dé lọ́sẹ̀ yẹn, kò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lórí omi náà. Ó ní, "Ṣé omi á wà ní irú àsìkò yìí?"

Mo ní, "Omi wà."

Wọ́n fi wẹ Bàbá, wọ́n tún fi ṣe àlùwàlá, èrò pọ̀, wọ́n fà á tán pátápátá. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé wọn sínú ọgbà, Lèmọ́mù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ní ẹni tí Bàbá bá ṣẹ̀ láyé, kó foríjì wọ́n kí wọ́n tó máa lọ. Àwọn èèyàn kùn pé àwọn ti foríjì wọ́n. Oòrùn ṣì ń ràn lórí pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ omi padà sínú táǹkì tó ṣófo. Mo la ẹnu, ohùn tó jáde ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú lọ.

Mo ní, "Ó ti tán, Bàbá. Láti Ìfẹ̀-Ọ̀dàn ló ti tán."

Ariwo omi tó ń já sísàlẹ̀ táǹkì pọ̀. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni gbọ́ mi.